Kí ni "Kremlin" gan-an, ibo sì ni orúkọ yẹn ti wá?

Òǹkàwé_Alẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo ìgbà tí mo bá tan rédíò sí ìròyìn ni mò ń gbọ́ "Kremlin sọ pé", "Kremlin ò gbà", "agbẹnusọ Kremlin ti fèsì", ẹni tí ò bá mọ̀ á fẹ́ẹ̀ rò pé èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí pé orúkọ ilé tí ààrẹ Rọ́ṣíà ń gbé ni. Àfi bí mo ṣe rí fídíò kan tí wọ́n ti ń fi ìlú Kazan hàn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní "Kremlin ti Kazan rèé", ó tún ní òmíràn wà ní Tula, òmíràn wà ní Nizhny Novgorod, òmíràn wà ní Astrakhan. Ṣé gbogbo ibẹ̀ ni ààrẹ nílé sí ni? Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi, ọ̀kan ní odi ni Kremlin túmọ̀ sí, èkejì ní rárá, ààfin ni, ẹ̀kẹta ní ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ rí roboto aláràbarà yẹn gan-an ni Kremlin. Kí ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ lẹ́nu àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn? Èdè wo ni wọ́n ti mú un? Kí ló sì dé tó jẹ́ ti Moscow nìkan ni gbogbo ayé ń gbọ́? Bí àlàyé yín bá gùn, ẹ jẹ́ ó gùn, màá kà á tán.

Ẹ̀gbọ́n_Volga:
Àbúrò, ẹni tó ní odi ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kàwé ní Nizhny Novgorod, ẹ̀gbẹ́ odi yẹn ni mo máa ń gbà lọ sí kíláàsì, torí náà ẹ jẹ́ n sọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń lò ó.

Lẹ́nu tiwọn, kreml ni, kò sí "in" kankan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará Yúróòpù tó kù ló so ìyẹn mọ́ ọn. Kì í sì í ṣe orúkọ ibì kan ṣoṣo. Ìlú tó bá ní in ló ní in, bó ṣe jẹ́ pé ìlú tó bá ní ọjà ló ní ọjà. Ohun tó ń jẹ́ kreml ni àárín gbùngbùn ìlú àtijọ́ tí wọ́n mọ odi yí ká, tí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ mọ́ odi náà lára, tí wọ́n sì sábà máa ń fi sórí òkè tàbí ibi tí odò méjì ti pàdé kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà wọlé wẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú wà nínú rẹ̀, ilé ọmọ ọba tó ń jẹ lórí ìlú wà níbẹ̀, oúnjẹ àti ohun ìjà ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí. Àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbé lẹ́yìn odi, posad ni wọ́n ń pe adúgbò tiwọn, ọjọ́ tí ogun bá dé gbogbo wọn á kó tọmọtọmọ sá wọnú kreml, wọ́n á ti ibodè, wọ́n á sì gun orí odi lọ jà.

Ìdí tí mi ò fi gbà pé ààfin ni nìyẹn. Ààfin wà nínú ti Moscow lóòótọ́, kódà ó ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ti gbogbo ìlú ni kreml. Ilé olódi tó jẹ́ ti ìjòyè kan ṣoṣo, irú èyí tó pọ̀ ní Faransé àti Jámánì, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe ìyẹn ní Rọ́ṣíà, zamok ni. Ẹ wo nǹkan tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yẹn: tó o bá tẹnu mọ́ iwájú rẹ̀, ilé olódi ni, tó o bá tẹnu mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àgádágodo ni, bẹ́ẹ̀ bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì aláràbarà yẹn wá ń kọ́? Kò sí nínú Kremlin rárá! Ṣọ́ọ̀ṣì St Basil ni, ìta odi ló wà, lórí pápá tí wọ́n ń pè ní Red Square. Ivan kẹrin, ọba Rọ́ṣíà tí ayé ń pè ní Ivan the Terrible, ló ní kí wọ́n kọ́ ọ lẹ́yìn tó ṣẹ́gun Kazan, 1555 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1561. Àwọn ilé ìròyìn ló ń fi fọ́tò rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Kremlin nígbà gbogbo, ó sì máa ń dùn mí, torí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú Kremlin gan-an, tí wọ́n ti ń dé ọba ládé, kò sẹ́ni tó ń fi tiwọn hàn. Uspensky ni orúkọ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Aristotele Fioravanti ló kọ́ ọ, ó parí rẹ̀ ní 1479, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dé àwọn ọba Rọ́ṣíà ládé títí dé orí èyí tó jẹ gbẹ̀yìn.

Kí ló wá dé tó jẹ́ ti Moscow nìkan la ń gbọ́? Torí ibẹ̀ ni ìjọba wà. Ìgbà kan wà tí kò sí níbẹ̀ o, ọba Peter kó olú ìlú lọ sí St Petersburg ní 1712, ó sì lé ní igba ọdún tó fi wà lọ́hùn-ún kí ìjọba Lenin tó kó o padà sí Moscow ní March 1918 tí wọ́n sì wọ inú odi yẹn lọ jókòó. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi orúkọ odi pe ìjọba.

Ọmọ_Ìwé_Ìtàn:
Ẹ kú àlàyé ẹ̀gbọ́n. Kí n fi ti Kazan kún un torí òun ni fídíò yẹn dá lé. Odi àwọn Tatar ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Mùsùlùmí ni wọ́n, Ivan gba ìlú náà ní 1552, ó sì ránṣẹ́ sí ìlú Pskov pé kí àwọn mọlémọlé wá fi òkúta funfun kọ́ odi tuntun. Lónìí tẹ́ ẹ bá wọ inú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà níbẹ̀, mọ́sálásí Qolsharif tí wọ́n ṣí ní 2005 náà wà níbẹ̀, àti ilé ìṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Söyembikä tó ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú lásán ẹ máa rí i pé ó fì. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún ayé ní 2000, ti Moscow ti wà níbẹ̀ láti 1990.

Gbòǹgbò_Ọ̀rọ̀:
Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ibi tí orúkọ ti wá, torí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì máa ń bínú tí mo bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé "Kremlin túmọ̀ sí odi" kí wọ́n tó kọjá lọ. Ohun tó ń tọ́ka sí nìyẹn, kì í ṣe ibi tó ti wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pe odi ní kreml. Grad ni wọ́n ń pè é, àwọn míì á ní gorod, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tí wọ́n sé mọ́. Ẹ máa rí àwọn mọ̀lẹ́bí ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri dòní: ọgbà tí wọ́n fi yí ilé ká ń jẹ́ ograda, oko ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ń jẹ́ ogorod, Novgorod ni ìlú tuntun, Belgrade tó wà ní Serbia ni odi funfun. Nígbà tí èrò wá pọ̀ lẹ́yìn odi, gbogbo rẹ̀ pátá, tinú tìta, di gorod, tó jẹ́ pé lónìí ìlú lásán ni gorod túmọ̀ sí. Ó wá di dandan kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún.

Ìlú kọ̀ọ̀kan wá tirẹ̀. Ní Novgorod, detinets ni wọ́n pè é, odi náà ti wà nínú ìwé ìtàn ọdọọdún wọn ní 1044, orúkọ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń pe odi ibẹ̀ títí dòní. Àwọn kan ní láti ara deti ló ti wá, ìyẹn àwọn ọmọdé, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọmọ sí lọ́jọ́ ogun. Àwọn míì ní rárá, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ọmọ ọba ni wọ́n ń pè ní detskie, àwọn ló ń gbé níbẹ̀. Èmi fara mọ́ èyí ẹ̀ẹ̀kejì, torí kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń sá wọ odi lọ́jọ́ ogun, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ọmọ ọba, ojoojúmọ́ ni wọ́n wà níbẹ̀.

Ní Pskov, krom ni wọ́n pè é. Ẹ mú ìyẹn lọ́wọ́, a máa padà sí i.

Moscow wá. Wọ́n dárúkọ ìlú náà nígbà àkọ́kọ́ ní 1147, wọ́n fi igi ṣe odi rẹ̀ ní 1156, síbẹ̀ a ò gbúròó kreml níbì kankan. 1331 ló tó hàn, nínú àkọsílẹ̀ nípa iná tó jó ìlú, wọ́n ní iná jó "Kremnik". Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń pè lónìí, inú ìròyìn iná la ti kọ́kọ́ bá a pàdé.

Kí wá ni kremnik? Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò, ẹ jẹ́ n to èrò wọn. Àwọn kan ní láti ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni, pé kremnos ń jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Odi Moscow wà lórí òkè lóòótọ́, àmọ́ mi ò gbà á, ọ̀rọ̀ táwọn Gíríìkì mú wá bá wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ìwé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gé igi tó ń gbẹ́ yàrà. Tula náà sì wà níbẹ̀, ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí odò Upa ni kreml tiwọn wà, kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan níbẹ̀. Àwọn míì ní kremen ni, akọ òkúta tí wọ́n fi ń ṣá iná. Òmíràn ní krem, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará oko, apá igbó tí igi páìnì tó le, tó tóbi, tó ṣe é kọ́lé ti ń hù. Òmíràn tún ní kroma ni, ìyẹn etí nǹkan, ààlà, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ibẹ̀ náà ni krom ti àwọn ará Pskov ti wá. Dòní yìí, etí aṣọ tàbí etí pákó ń jẹ́ kromka, àpótí ńlá tí wọ́n ń da ọkà sí ń jẹ́ zakrom, ibi kọ́lọ́fín tí ojú ò tó ń jẹ́ ukromny. Gbogbo wọn ló ń sọ nípa nǹkan tí wọ́n là ní ààlà, tí wọ́n sì fi pa mọ́.

Èmi, krom ni mo dì mú, kí n sì fi ti igi tì í lẹ́yìn. Ìdí ni pé ní 1331 kò sí bíríkì kan ṣoṣo lára odi Moscow, igi ni látòkè délẹ̀. Ẹ tún wo orúkọ òkè tí odi náà wà lórí rẹ̀, Borovitsky, bor ni igbó igi páìnì. Ẹnubodè ìwọ̀ oòrùn tí mọ́tò ààrẹ máa ń gbà wọlé ṣì ń jẹ́ Borovitskaya. Igbó páìnì ni ibẹ̀, igi rẹ̀ ni wọ́n gé tí wọ́n fi sé e mọ́.

Adúláwọ̀_Kan:
Ẹ má bínú sí mi o, Gbòǹgbò_Ọ̀rọ̀, mo ní àtakò. Ẹ sáré fo àwọn Mongol kọjá. Wọ́n ya wọ Rọ́ṣíà ní 1237, wọ́n sun Moscow níná ní 1238, ó sì ju igba ọdún lọ tí wọ́n fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọba ibẹ̀. Lédè Mongol, kherem ni odi, kódà òun náà ni wọ́n fi ń pe odi gígùn ti Ṣáínà. Àwọn Tatar náà ní kerman, odi náà ni, Akkerman ń jẹ́ odi funfun. Ẹ wá sọ pé 1331 ni kremnik jáde, ìyẹn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n dé. Ṣé iyẹn ò tó ẹ̀rí ni?

Gbòǹgbò_Ọ̀rọ̀:
Àtakò tó mọ́gbọ́n dání ni, ẹ ṣé. Ti ọdún yẹn bá ara mu, mi ò jiyàn, ọ̀rọ̀ Tatar sì pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Rọ́ṣíà lóòótọ́, dengi tí wọ́n ń pe owó, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Ohun tí mò ń wò ni pé àlejò ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá wá ni, kì í kó ẹbí dání. Kreml ní krom, ó ní kromka, ó ní zakrom, àwọn wọ̀nyí sì ní ìbátan láàárín àwọn tó ń sọ èdè Poland àti Ukraine, tó fi hàn pé wọ́n ti wà tipẹ́ kí ẹṣin Mongol kankan tó dé. Ẹ tún wo Pskov. Àwọn Mongol ò gba Pskov, wọn ò sì gba Novgorod, síbẹ̀ krom làwọn ará Pskov ń pe odi tiwọn. Ta ló kọ́ wọn?

Bíríkìlà_Àgbà:
Iṣẹ́ mọlémọlé ni mò ń ṣe, kí n sọ ti odi fúnra rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n mọ ti Moscow. Ti 1156 jẹ́ igi. Ní 1339 Ivan Kalita, ọmọ ọba tó ń jẹ lórí Moscow, fi igi óòkù kọ́ ọ, igi tó nípọn dáadáa, torí iná ń dà wọ́n láàmú. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Dmitry Donskoy, ní 1367, ló fi òkúta funfun mọ ọ́n, ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe Moscow ní ìlú òkúta funfun, àwọn akéwì wọn ṣì ń kì í bẹ́ẹ̀. Ó wá kan Ivan kẹta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ilé, ẹ gbọ́ o. Ó ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀gá mọlémọlé láti Ítálì, Marco Ruffo, Pietro Antonio Solari, Aloisio àti Antonio, láàárín 1485 sí 1495 wọ́n fi bíríkì pupa kọ́ èyí tá à ń wò lónìí. Gbogbo wọn ni àwọn ará Moscow sọ ní Fryazin, torí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó wá láti ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù nìyẹn nígbà náà, ẹni tó bá ka ìwé ìtàn wọn á rò pé ẹbí kan náà ni wọ́n.

Odi náà gùn tó 2,235 mítà téèyàn bá yí i po, ilé ìṣọ́ 20 ló wà lára rẹ̀. Gíga rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 5 dé 19, bí ilẹ̀ bá ṣe lọ ló ṣe ń lọ, ìnípọn rẹ̀ láti mítà 3 àtààbọ̀ dé 6 àtààbọ̀. Ẹ ronú odi tó nípọn tó yàrá kan! Bíríkì ẹyọ kan á fẹ́ẹ̀ tó kílò 8, ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń gbé e. Etí rẹ̀ lókè ni ẹ tún máa wò, gbogbo eyín odi yẹn ló là sí méjì bí ìrù ẹyẹ alápàáńdẹ̀dẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní àríwá Ítálì gẹ́lẹ́ nìyẹn, ẹni tó bá ti rí odi Verona á mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ní 1508, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ yàrà sí apá tí Red Square wà, kí omi odò Neglinnaya àti ti Moskva lè pàdé, omi sì wá yí Kremlin ká pátápátá. Wọ́n ti dí yàrà yẹn báyìí.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé pupa ló ń jẹ́ látilẹ̀ wá o, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n fi ń kùn ún ní ẹfun funfun.

Òǹkàwé_Alẹ́:
Háà, ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á bù kún ìmọ̀ yín. Ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n_Volga sọ pé olú ìlú wà ní St Petersburg fún ohun tó lé ní igba ọdún, kí ló dé tí mi ò gbọ́ Kremlin ti St Petersburg rí? Ṣé gbogbo ìlú tó lóókọ ní Rọ́ṣíà kọ́ ló ní in ni? Mo tún rí Kremlin ti Rostov, ṣé ogun jà níbẹ̀ náà ni?

Ẹ̀gbọ́n_Volga:
Ìbéèrè tó dáa. St Petersburg ò ní. Nígbà tí Peter fi máa tẹ̀ ẹ́ dó ní 1703, ayé ti yí padà, ìbọn àgbá ti le débi pé odi gíga tó dúró ṣánṣán ti di ohun tí wọ́n kàn máa wó lulẹ̀. Odi tó rẹlẹ̀, tó nípọn, tó ní igun ṣóńṣó ṣóńṣó bí ìràwọ̀ ni wọ́n ń kọ́ nígbà náà, ìyẹn ò jẹ́ kreml, krepost ni wọ́n ń pè é, láti ara krepky, nǹkan tó lágbára. Krepost ti Peter àti Paul ni ti St Petersburg, àwọn ọmọ ogun ló wà fún, kì í ṣe àárín ìlú. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ ostrog, igi tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yí ká, òun ni àwọn tó ń ya lọ sí Siberia fi ń ṣe ibùdó, wọ́n wá ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́ inú rẹ̀ títí ostrog fi di ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́nu wọn.

Ti Rostov yẹn, ogun kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà kan tó ń jẹ́ Iona ló kọ́ ọ sí ibùgbé ara rẹ̀ láàárín 1670 sí 1683, ó ní odi, ó ní ilé ìṣọ́, ó rẹwà ju ọ̀pọ̀ kreml gidi lọ, àmọ́ fèrèsé ńláńlá wà lára àwọn ilé ìṣọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń retí ogun tó máa ṣí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà dáadáa làwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní kreml nítorí ìrísí rẹ̀.

Tó o bá fẹ́ wo èyí tó jẹ́ kreml délẹ̀délẹ̀, wá fọ́tò Tula àti ti Pskov. Ti Tula kéré, igun mẹ́rin ni, ilé ìṣọ́ 9, ó yí po bíi kìlómítà kan péré, ṣùgbọ́n ní 1552 ọba Crimea kó ogun wá bá a nígbà tí Ivan àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń lọ sí Kazan, kò sì rí i gbà. Wá ti Tobolsk náà mọ́ ọn, òun nìkan ni kreml olókùúta tó wà ní gbogbo Siberia.